Ẹ̀sìn Mẹ́ta, Ìlú Kan: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Fi Ààyè Gba Ara Wa

Ẹni tí ó bá ń ka ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa yìí yóò rántí pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ìlú ni a sábà máa ń kọ sínú rẹ̀. Lọ́dún yìí, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ olóòtú láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí a kò lè fi símẹ́ǹtì mọ, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé bí ó bá wó, gbogbo ohun tí a fi símẹ́ǹtì mọ kò ní wúlò fún wa mọ́. Ohun náà ni bí àwọn ẹlẹ́sìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe ń gbé pọ̀ nínú ìlú kan, àti ipò tí ó yẹ kí ẹ̀sìn wà nínú ọ̀ràn tí ó kan gbogbo wa.

N ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara mi. Ní nǹkan bí ọdún 25 sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, wọ́n fún mi ní kíláàsì kìíní láti máa kọ́. Nínú ìwé orúkọ àwọn ọmọ, a ní láti kọ ẹ̀sìn ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó kan ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ babaláwo, n kò bi í ní ìbéèrè kankan. Mo kọ "Kìrìsìtẹ́nì" sí i, mo sì kọjá lọ. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá ọmọ náà wá. Kò bínú, kò sì pariwo. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ọmọ mi sọ fún mi pé ẹ ti fún òun ní ẹ̀sìn tuntun. Mo ní kí n wá béèrè bóyá orúkọ tuntun náà ń bọ̀ lẹ́yìn." Ojú tì mí. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ má bínú. Àyè méjì péré ni ó wà nínú ìwé náà." Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ìwé lè máà ní àyè. Ṣé kíláàsì yín ní àyè?"

Ìbéèrè yẹn ni ó lé mi lọ sínú ìwé ìtàn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Kí àlejò tó dé

Láyé àwọn baba ńlá wa, kò sí òrìṣà kan ṣoṣo tí a fi dandan lé gbogbo ará ìlú láti sìn. Nínú agbo-ilé kan náà, ọkọ lè máa bọ Ògún, ìyàwó rẹ̀ lè máa bọ Ọ̀ṣun tí ó bá wá láti ilé bàbá rẹ̀, ìyá ọkọ sì lè jẹ́ ẹni tí ń sin Ọbàtálá. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kálukú yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí ọdún ẹnì kan bá dé, gbogbo ilé ni yóò jẹ, tí yóò sì mu níbẹ̀. Ọba kì í ṣe ti òrìṣà kan. Gbogbo ọdún tí ó bá wà nínú ìlú ni ọba ń bá wọn lọ́wọ́ sí.

Ṣùgbọ́n kí a má fi irọ́ pọ́n ayé àtijọ́ lé. Bí Orò bá jáde, obìnrin kò gbọdọ̀ fi ojú kan òde, ìbáà jẹ́ pé òun kò sin Orò rí. Ìfàyègbani wà, ṣùgbọ́n ó ní ààlà, agbára ni ó sì ń pa ààlà náà. Ẹni tí ó bá sọ pé ìjà kò sí rí kí ẹ̀sìn àlejò tó dé, kò ka ìtàn tán.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni ó kọ́kọ́ dé bá wa. Àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà tí wọ́n gba ìhà àríwá wá ni wọ́n mú un wọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì ti fi ìdí múlẹ̀ kí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀sìn Kírísítì tẹ̀lé e láti etí òkun. Ní 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní oṣù kìíní 1843, Townsend dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ tí í ṣe olórí àwọn Ẹ̀gbá sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹ wo ohun kan tí ó yẹ kí a máa rántí. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, iṣẹ́ tí ó parí ní 1884, wọ́n nílò ọ̀rọ̀ fún oríṣiríṣi nǹkan ẹ̀sìn. Níbo ni wọ́n ti rí wọn? Wọ́n mú "Ọlọ́run" àti "Olódùmarè" láti ẹnu àwọn tí ń bọ òrìṣà. Wọ́n mú "àdúrà," "wàásù" àti "àlàáfíà" láti ẹnu àwọn Mùsùlùmí, nítorí pé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni ìpìlẹ̀ àwọn wọ̀nyí. "Àlùfáà" pàápàá, àwọn Mùsùlùmí ni ó ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi pe òjíṣẹ́ ìjọ Kírísítì. Nítorí náà, nígbà tí àlùfáà ìjọ bá dìde ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó ní kí a gbàdúrà sí Ọlọ́run fún àlàáfíà ìlú, ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ti yá a ní ẹnu láti sọ ọ́. Ẹ̀wẹ̀, ìtúmọ̀ kan náà ni ó fi orúkọ Èṣù pe ẹni tí Bíbélì ń pè ní ọ̀tá Ọlọ́run, àbùkù tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí fà fún àwọn oníṣẹ̀ṣe kò sì tíì tán títí di òní.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ di ìjà

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé oyin ni gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó wà ní Ìlọrin, ké sí àlùfáà Mùsùlùmí kan tí à ń pè ní Àlímì láti ràn án lọ́wọ́ nínú ọ̀tẹ̀ rẹ̀ sí Aláàfin. Nígbà tí ó yá, àwọn tí ó ké sí ni ó pa á, ọmọ Àlímì sì di ẹ́míà Ìlọrin. Ogun wọn ń bọ̀ wá sí ìhà gúúsù, títí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn fi ṣẹ́gun wọn ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe èyí ní ogun ẹ̀sìn. Bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Àwọn Mùsùlùmí wà nínú Ìbàdàn náà. Ààrẹ Látòósà, tí ó jẹ́ olórí Ìbàdàn láti 1871 títí di 1885, Mùsùlùmí ni. Síbẹ̀ Ìlọrin wà lára àwọn tí ó bá Ìbàdàn jà nínú ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀sìn nìkan ni ó ń darí ogun, apá kan náà ni wọn ì bá wà.

Ní Abẹ́òkúta bákan náà, ní oṣù kẹwàá 1867, àwọn ará ìlú ya wọ ilé ìjọsìn àti ilé àwọn òyìnbó oníwàásù, wọ́n kó wọn lẹ́rù, wọ́n sì lé wọn jáde kúrò ní ìlú. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Kí ni ó fà á? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ti ń na ọwọ́ sí ilẹ̀ àti òwò àwọn Ẹ̀gbá, inú sì ń bí àwọn ará ìlú. Nítorí pé òyìnbó ni àwọn oníwàásù, orí wọn ni ìbínú náà já lé. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nìyí: ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ilẹ̀, owó tàbí oyè ni ó ń dá ìjà sílẹ̀, ẹ̀sìn ni a sì máa ń fi wọ aṣọ fún un.

Èkó, àwọn Àgùdà, àti ọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́

Ẹ jẹ́ kí a wo Èkó. Lára àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, Mùsùlùmí pọ̀. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìíní 1835, wọ́n dìde ogun sí àwọn olówó wọn ní ìlú Salvador ní Bahia. Títí di òní, àwọn òpìtàn Bùràsíìlì ń pe ọ̀tẹ̀ náà ní ti àwọn Malê, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ wa "Ìmàle." Wọ́n ṣẹ́gun wọn, wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan ní pàṣán, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ padà sí ilẹ̀ adúláwọ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn fi owó ara wọn ra òmìnira, wọ́n sì padà sí Èkó. Àwọn ni à ń pè ní Àgùdà. Àwọn kan padà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìjọ Kátólíìkì, àwọn kan padà gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí, wọ́n sì ń gbé àdúgbò kan náà. Nígbà tí Mohammed Shitta Bey, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró, fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá tí a ṣí ní 1894, João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ọ̀mọlé Àgùdà, ni ó gbé iṣẹ́ náà fún. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ó ti ìgbèkùn bọ̀ ni ilé Ọlọ́run náà, ó sì wà ní ìdúró títí di ìsinsìnyí.

Ibi tí ẹ̀sìn ti kan gbogbo ìlú jù ni ilé-ẹ̀kọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ àwọn ìjọ Kírísítì ni ẹ̀kọ́ ìwé wà. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kò jẹ́ kí ọmọ wọn lọ, nítorí ẹ̀rù pé ọmọ tí ó bá jáde nílé ní Mùsùlùmí lè padà dé ní Kìrìsìtẹ́nì. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán. Ní 1896, ìjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan fún àwọn Mùsùlùmí ní Èkó. Ní 1923, àwọn Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, kí ọmọ wọn lè kàwé láìsọ ẹ̀sìn rẹ̀ nù. Wọn kò fi igbe ba ilé-ẹ̀kọ́ ẹlòmíràn jẹ́. Wọ́n kọ́ tiwọn.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀ràn ti yí padà. Owó orí Mùsùlùmí, ti Kìrìsìtẹ́nì àti ti oníṣẹ̀ṣe ni a fi ń san owó olùkọ́. Láàárín àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn ìjọ, ṣùgbọ́n orúkọ ìjọ ṣì wà lára pátákó wọn. Ibẹ̀ ni ìjà híjáàbù ti wá. Ìjọ ní, "Tiwa ni." Àwọn òbí Mùsùlùmí ní, "Ti ìjọba ni, ìjọba sì ni gbogbo wa." Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2022, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó: àwọn adájọ́ 5 nínú 7 sọ pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí ní ẹ̀tọ́ láti wọ híjáàbù mọ́ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sọ ohun méjì tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀ sórí. Abala 10 sọ pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 38 fún olúkúlùkù ní òmìnira láti gba ohun tí ó bá fẹ́ gbọ́, àní láti yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà pàápàá. Ó sì tún sọ pé a kò gbọdọ̀ fi agbára kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀ tàbí ti òbí rẹ̀. Nígbà tí mo ka abala yìí, mo rántí ìwé orúkọ kíláàsì mi.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn gba ọ̀nà mìíràn. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọba ni olórí ìjọ Áńgílíkà, bíṣọ́ọ̀bù 26 sì ní àyè nínú ilé ìgbìmọ̀ àwọn olóyè. Síbẹ̀ Mùsùlùmí ni àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù dìbò yàn ní olórí ìlú wọn ní 2016. Ní Faransé, òfin 1905 ya ìjọ kúrò lára ìjọba, òfin 2004 sì ní kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba má ṣe wọ híjáàbù tàbí àgbélébùú ńlá. Àwọn kan fi ẹ̀sìn kan ṣe olórí, wọ́n sì fi ààyè gba ìyókù. Àwọn kan ní kí gbogbo ẹ̀sìn dúró sí ẹnu ọ̀nà. Tiwa ni pé kí gbogbo wọn wọlé, ṣùgbọ́n kí ìkankan má jókòó sórí àga. Ní ilé-ẹjọ́ wa, ẹnì kan lè fi Bíbélì búra, ẹnì kan lè fi Kùránì, ẹnì kẹta a sì fi irin Ògún, ẹ̀rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni adájọ́ yóò sì gbọ́.

Àwọn ọmọ wa tí ó kọjá òkun

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ fi ọkàn bá mi lọ níhìn-ín. Nígbà tí àwa tí a wà nílé ń kó òrìṣà wa jùnù, àwọn ọmọ ẹrú ń jà láti pa tiwọn mọ́. Ní Bahia, títí di 1976, ilé òrìṣà kò lè ṣe ọdún láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ní oṣù kẹta 2019, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní Bùràsíìlì sọ pé ẹbọ ẹran nínú ìsìn wọn kò lòdì sí òfin.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ará Kúbà tí wọ́n ń sin òrìṣà, tí à ń pè ní Lùkùmí, fẹ́ dá ilé ìjọsìn sílẹ̀ ní ìlú Hialeah ní Florida ní 1987. Ìgbìmọ̀ ìlú náà sáré ṣe òfin tí ó ka ẹbọ ẹran léèwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó pa ẹran jẹ lásán kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ọ̀ràn náà dé ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Washington. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà 1993, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fi ohùn kan sọ pé òfin ìlú náà kò dára, nítorí pé torí ẹ̀sìn kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é.

Ọjọ́ kejì ìdájọ́ yẹn gan-an, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993, ni a dìbò ní Nàìjíríà. Mùsùlùmí ni Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, Mùsùlùmí sì ni igbákejì rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn Kìrìsìtẹ́nì ilẹ̀ Yorùbá tò sórí ìlà, wọ́n sì dìbò fún un. Wọn kò bèèrè ibi tí ó ń kọjú sí bí ó bá ń gbàdúrà. Ìjọba ológun fagi lé ìbò náà, ṣùgbọ́n kò lè fagi lé ohun tí àwọn ènìyàn fi hàn ní ọjọ́ náà.

Ọmọ ẹ̀sìn kẹta

Bí a bá wo ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó rí i pé Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti rí àyè fún ara wọn. Ẹni tí àyè kò tíì gbà dáadáa ni ọmọ onílé, oníṣẹ̀ṣe. Àjọ UNESCO ti fi igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé láti 2005, ó sì ti fi Ifá sínú tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù kẹjọ 2023, ìjọba Èkó, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi fún ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ayé ti mọ̀ wọ́n. Ṣé àwa ti mọ̀ wọ́n?

Mo bèèrè nítorí fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ti ẹgbẹ́ wa yìí. Ẹ lọ wo ìlà karùn-ún rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀sìn: Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí. Fa igi lé èyí tí kì í ṣe tìrẹ." Owó tí à ń dá ní ìdílé kọ̀ọ̀kan ni a fi ń ran àwọn ọmọ náà lọ́wọ́, a kì í sì í bi ẹni tí ó san owó ní ẹ̀sìn tí ó ń ṣe kí a tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ó dé tí a fi ń bi ọmọ rẹ̀ nígbà tí ó bá wá gbà?

Àwọn kan yóò sọ pé bí mo bá fi ààyè gba ẹ̀sìn ẹlòmíràn, mo ti sẹ́ tèmi. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Kìrìsìtẹ́nì ni mí, mo sì ń lọ sí ilé ìjọsìn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ìyá tí ó bí ìyá mi kú sínú ẹ̀sìn Mùsùlùmí, bàbá tí ó bí i sì jẹ́ ọlọ́ṣun. Bí n bá sọ pé àwọn wọ̀nyí kò ní àyè nínú ìlú, ta ni mo fẹ́ sọ pé ó bí mi? Mo lè gbà pé ọ̀nà tèmi ni òtítọ́, kí n sì tún gbà pé ìlú kì í ṣe tèmi nìkan.

Nítorí náà, mo gbé ẹ̀bẹ̀ méjì síwájú ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí a yọ ìlà karùn-ún náà kúrò nínú fọ́ọ̀mù wa pátápátá. Èkejì, bí a bá ń ṣí ìpàdé ọdọọdún, tí a bá ti pe àlùfáà ìjọ àti lèmọ́ọ̀mù láti gbàdúrà, kí a pe àgbà kan láti ìhà Ìṣẹ̀ṣe kí ó wúre fún ìlú. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe "àṣẹ" lè dákẹ́, bí àwọn mìíràn ti ń dákẹ́ ní "àmín" láti ọdún yìí wá. Owó kò lọ sí i. Kò sì sí ẹni tí yóò sọ ẹ̀sìn rẹ̀ nù nítorí rẹ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ èmi àti babaláwo náà ṣe parí. Mo mú gègé mi lójú rẹ̀, mo fa igi lé ohun tí mo kọ, mo sì kọ "Ìṣẹ̀ṣe" sí etí ìwé, níbi tí kò sí ìlà. Ó ní, "Ó tó, Tíṣà. Ẹ kú ìnáwó ọ̀rọ̀." Ó ti di olóògbé báyìí. Ọmọ rẹ̀ ti di nọ́ọ̀sì, ó wà ní òkè òkun, ó sì wà lára àwọn tí owó ẹgbẹ́ wọn kì í pẹ́ dé. Ó ṣeé ṣe kí ó ka ìwé yìí. Bí ó bá kà á, mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé olùkọ́ rẹ̀ ṣì ń tọrọ àforíjì, ó sì ń bẹ ìlú kí àyè tí ó wà ní etí ìwé ní ọjọ́ náà lè di àyè láàárín ìwé.

Kí Olódùmarè, tí gbogbo wa ń fi ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pè, kí ó dá ìlú wa sí. Kí ó jẹ́ kí àwọn tí ó wà ní ìdálẹ̀ padà wá bá wa nílé láyọ̀.